Okùn Ríìlì fún Pípẹja Káàpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Pẹja ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń fi òpin ọ̀sẹ̀ pẹja káàpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀, ṣùgbọ́n a wà, ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ti okùn. Ó ti ra ọ̀pá mẹ́ta, ó ti ra ríìlì mẹ́ta, ó ti ra ìdẹ tí yóò tó o jẹ fún oṣù kan bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ènìyàn ni, owó sì ti fẹ́ tán kí ó tó kan okùn, bẹ́ẹ̀ okùn yìí nìkan ni ohun tí ó so ẹja mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn létí omi.

Kí ni okùn ríìlì, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí okùn ìwọ̀?

Okùn ríìlì, èyí tí àwọn apẹja níbí ń pè ní main line, ni okùn gígùn tí a ká sára spool ríìlì, tí ó gba inú àwọn òrùka ara ọ̀pá kọjá, tí ó sì lọ títí dé ibi tí òjé wà nísàlẹ̀ adágún. Okùn kúkúrú tí a so ìwọ̀ mọ́, tí kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, jẹ́ ọ̀tọ̀. Ìyẹn a lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n okùn ríìlì ni a ó máa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ọn pé okùn kò gbọdọ̀ já? Ṣebí ẹja kan ló lọ, òmíràn á dé?

Létí ọ̀sà nílé, ẹni tí okùn rẹ̀ já pàdánù ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Níbí, ọ̀pọ̀ adágún ni kò gbà kí a gbé káàpù lọ sílé: a ó gbé e sórí ibùsùn rírọ̀ tí a ti fi omi rin, a ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n, a ó ya fọ́tò, a ó sì dá a padà sínú omi. Káàpù ń pẹ́ láyé, ẹja kan náà sì lè kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ apẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn kan tilẹ̀ ní orúkọ. Káàpù pọ́n-ùn 44, nǹkan bíi kílógíráàmù 20, tí Richard Walker mú ní Redmire Pool ní oṣù September ọdún 1952, ni wọ́n gbé lọ sí ọgbà ẹranko London, tí gbogbo apẹja ilẹ̀ yìí sì mọ̀ sí Clarissa títí di òní.

Nítorí náà, bí okùn bá já, ẹja tí ó fa òjé àti ọ̀pọ̀ mítà okùn lọ sínú koríko ni a dá lóró. Ó lè há síbẹ̀ kí ó má lè jẹun mọ́, kí ó sì kú. Nígbà tí mo bá ń sọ pé okùn kan ṣeé gbára lé, ohun méjì ni mo ní lọ́kàn: pé kì í já bọ̀rọ̀, àti pé a ti so gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí òjé yóò fi lè jábọ́ bí ó bá já.

Irú okùn mélòó ló wà?

Mẹ́ta ni, bí a bá yọ orúkọ ọlọ́kan-ò-jọ̀kan tí àwọn oníṣòwò ń fún wọn kúrò.

Èkíní ni nylon, tí wọ́n tún ń pè ní mono, ohun èlò tí ilé iṣẹ́ DuPont kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Nylon máa ń nà. Kí mítà 100 rẹ̀ tó já, ó lè fi mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn sí i, nínà yìí gan-an ni ó sì ń gbà wá nígbà tí káàpù bá ṣàdédé yí orí padà lẹ́nu àwọ̀n, torí okùn á fà bíi rọ́bà dípò kí ìwọ̀ fa ẹnu ẹja ya. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu omi, tí omi tó mu sì ń dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀, àti pé oòrùn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní copolymer, nylon náà ni. Oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n pò pọ̀.

Èkejì ni fluorocarbon. Ó wúwo gan-an: bí ìwọ̀n omi kan bá jẹ́ kílógíráàmù 1, fluorocarbon tí ó gba àyè kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8, nígbà tí nylon kò ju nǹkan bíi 1.14 lọ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń rì kíákíá, tí ó sì ń sùn sára gegele àti kòtò ìsàlẹ̀ adágún bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Kì í mu omi bíi nylon, ó sì ṣòro díẹ̀ fún ojú láti rí nínú omi tó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó le, kì í fẹ́ gbàgbé bí ó ṣe ká sára spool, kókó rẹ̀ sì ń fẹ́ sùúrù, torí bí a bá fà á pọ̀ ní gbígbẹ, ooru yóò bà á jẹ́ lójú kókó láìjẹ́ pé a mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni okùn híhun, tí wọ́n ń pè ní braid. Fọ́nrán polyethylene wẹ́wẹ́ ni wọ́n hun pọ̀ bí ìgbà tí a bá di irun. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà rárá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju nylon tí agbára wọn jọ dọ́gba lọ, ó sì fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀, tí èyí tí wọn kò bá fi nǹkan wúwo kún yóò fi máa léfòó. Ó tún mú. Ẹni tí ó bá fi ìka di braid mú nígbà tí káàpù ń sáré yóò fi ẹ̀jẹ̀ sanwó ẹ̀kọ́ náà.

Èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà?

Nylon ni, èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.35, tí wọ́n sì kọ agbára pọ́n-ùn 15 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n tí ó lè gbà kí ó tó já, kílógíráàmù 6.8. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà lè fi fluorocarbon tó wọ́n jùyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta hàn yín. Ẹ kí i, kí ẹ sì gbé nylon yín. Okùn tí ó bá dárí ji ni fún àṣìṣe ni olùbẹ̀rẹ̀ nílò, nylon nìkan sì ni ó ń dárí jini nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó ń dárí ji bíréèkì ríìlì tí a dì jù, kókó tí kò dára tó, àti ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n nígbà tí ẹja ńlá kọ́kọ́ fa ọ̀pá.

Ṣé òótọ́ ni iye pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sára páálí?

Òótọ́ ni nígbà mìíràn, ó sì lè jẹ́ ìfọ́nnu nígbà mìíràn. Iye tí wọ́n kọ lè jẹ́ ti okùn gbígbẹ tí kò ní kókó kankan, bẹ́ẹ̀ a kì í fi okùn gbígbẹ tí kò ní kókó pẹja. Ìnípọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni ó ń sọ bí ohun tó wà nínú okùn náà ṣe pọ̀ tó. Lójú lásán, 0.35 àti 0.30 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ṣùgbọ́n bí a bá gé wọn tí a wo ojú ibi tí a gé, èyí tí ó jẹ́ 0.35 fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju èkejì lọ. Bí okùn nylon kan bá tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an tí páálí rẹ̀ sì ń pariwo pọ́n-ùn 20, ẹ béèrè ibi tí agbára náà ti wá.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ òtítọ́ wà ní ilé ìdáná mi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá kan níbí tí kò ní òṣùwọ̀n kékeré onínọ́ńbà tí a fi ń wọn àpótí kí wọ́n má baà gba owó àlékún lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ gé okùn bíi mítà méjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi kókó tí ẹ máa ń lò gan-an so ó mọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n náà, kí ẹ sì ká ìyókù rẹ̀ mọ́ ara ọmọrogùn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kí ó má baà yọ̀. Ẹ wọ gíláàsì ojú, kí ẹ wá máa fà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń ka nọ́ńbà. Ìyàwó mi ni ó máa ń bá mi kà á, ó sì ti kìlọ̀ pé ọmọrogùn mìíràn ni kí n lọ rà fún ìranù yìí. Okùn kan tí wọ́n kọ pọ́n-ùn 15 sí lára já ní kílógíráàmù 4.7 lójú kókó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn, nígbà tí òmíràn tí owó rẹ̀ kéré sí i dé 6.2. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, iye tó kéré jù lọ ni kí ẹ sì gbà gẹ́gẹ́ bí agbára okùn yín.

Ṣé pọ́n-ùn 12 ni kí n lò ni, àbí 15, àbí 20?

Ìsàlẹ̀ adágún ni yóò dáhùn ìbéèrè yìí. Ìwọ̀n ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Nínú omi tó ṣí sílẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ rírọ̀ tí kò sí igi tàbí koríko, okùn pọ́n-ùn 12 lè gbé káàpù tó tóbi gan-an, torí a ní àyè láti jẹ́ kí ó sáré kí ó sì rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn adágún tí a ń pẹja sí ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kòtò ibi tí wọ́n ti wa taàrá tẹ́lẹ̀, tí omi sì kún un. Òkè taàrá ṣì wà nísàlẹ̀ wọn, bí ẹja bá sì gba ẹ̀yìn òkè náà lọ, okùn yóò máa ha ara òkúta ní gbogbo ìgbà tí a bá ń fà á. Níbẹ̀, 15 ni mo ń fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí koríko bá ti dí, tàbí tí igi bá ti wó sínú omi, mo ń lo 18 tàbí 20, tí ó nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 0.40.

Èyí tí ó burú jù lọ ni ìkarahun kékeré abilà tí wọ́n ń pè ní zebra mussel, tí ó ti gbilẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ adágún àti ibi ìkómisí níbí. Ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti igi ní ọgọọgọ́rùn-ún, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹ fi ìka pẹ̀lú ìka fa okùn yín kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá fà á jáde: bí ó bá rí ṣákiṣàki bí aṣọ tí ẹ̀gún fà ya, ìkarahun ni.

Mo fẹ́ ju ìwọ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n okùn tó nípọn kì í lọ jìnnà. Kí ni kí n ṣe?

Òtítọ́ ni pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń lọ jìnnà jù, ṣùgbọ́n òjé tí a fi agbára sọ lè já okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lójú afẹ́fẹ́, òjé tí ó ń fò láìsí ohun tó dì í mú sì lè pa ènìyàn. Àwọn tí ń pẹja létí òkun ní òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan tí ó yẹ kí a yá lò: kí okùn tí yóò gba ìjù náà ní agbára pọ́n-ùn 10 fún áúǹsì òjé kọ̀ọ̀kan. Bí òjé yín bá jẹ́ áúǹsì 3, ẹ nílò pọ́n-ùn 30, okùn ríìlì wa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń so okùn líle kan tí wọ́n ń pè ní shockleader sí iwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gùn tó ìlọ́po méjì ọ̀pá, kí ó sì tún ká spool ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Pẹ̀lú ọ̀pá ẹsẹ̀ 12, nǹkan bíi mítà 9 nìyẹn.

Ọ̀ràn kan wà níbẹ̀ o. Kókó tí ó so okùn méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ohun tí ó so òjé mọ́ okùn yóò fi lè gbà á kọjá bí okùn bá já, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹja yóò máa fa òjé káàkiri. Nítorí èyí, àwọn adágún kan kò gba leader láyè rárá. Bí adágún yín bá wà lára wọn, ẹ dín agbára ìjù yín kù, tàbí kí ẹ pẹja nítòsí. Káàpù pọ̀ lẹ́sẹ̀ bèbè ju bí àwọn tó ń ju ìwọ̀ dé ààrin adágún ṣe rò lọ.

Àwọ̀ ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ó dù yín lóorun. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé tó ṣú díẹ̀ ti tó. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí okùn sùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi dípò kí ó na gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ níbi tí ẹja ti ń kọjá.

Ṣé mo lè lo braid?

Ẹ ka òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà adágún kí ẹ tó ronú kàn án, torí ọ̀pọ̀ adágún ni ó kà á léèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí okùn ríìlì. Kò nà, nítorí náà gbogbo ìfà ẹja ń dé ojú ìwọ̀ tààrà, ẹnu ẹja sì lè ya. Bí ó bá sì yí mọ́ ẹja lára, ó lè gé e lábẹ́ ìpẹ́. Níbi tí wọ́n bá gbà á, ó wúlò fún ọ̀pá tí a fi ń wá ìjìnlẹ̀ omi, torí ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n nígbà tí òjé bá kúrò lórí ẹrọ̀fọ̀ bọ́ sórí taàrá, bí ìgbà tí a bá fi igi wọ́ ilẹ̀ gbágungbàgun. Ẹni tí yóò bá ká a sí ríìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká nylon díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ yóò máa yọ̀ yí spool po.

Báwo ni a ṣe ń ká okùn tuntun sí ríìlì kí ó má baà lọ́?

Ẹ gbé ike okùn náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àmì rẹ̀ wà lókè, kí ẹ fi aṣọ tútù di okùn mú láàárín ìka méjì kí ó má baà dẹ̀, kí ẹ sì yí ríìlì ní ogún ìgbà. Ẹ wá dẹ okùn náà. Bí ó bá sùn jẹ́jẹ́, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá ń lọ́ mọ́ra bí ejò, ẹ dojú ike náà dé kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí okùn bá le, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó ká a.

Ẹ kún spool títí yóò fi ku bíi mílímítà méjì kí ó dé etí. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, okùn yóò máa ha etí spool, ìjù yín kò sì ní lọ jìnnà; bí ó bá kún jù, yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì fi òwúrọ̀ yín tú wàhálà.

Okùn mi ṣì tuntun, ó sì ń já. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má jẹ́ ti okùn. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn òrùka ọ̀pá. Ẹ mú òwú rírọ̀ díẹ̀, kí ẹ fà á yípo inú òrùka kọ̀ọ̀kan: bí ọ̀kan bá fa òwú náà mú, ó ti sán, etí ibi tí ó sán sì ń gé okùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń jù. Mo pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kan kí n tó rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ ní ìdí orí ọ̀pá mi, ibi tó sán kò sì nípọn ju irun orí lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo kókó. Palomar àti grinner ti tó yín fún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á pọ̀, kí ẹ sì fà á ní pẹ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta ni bíréèkì ríìlì, tí ó yẹ kí ó máa tú okùn sílẹ̀ nígbà tí ìfà bá tó ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta agbára okùn. Òṣùwọ̀n àpótí yẹn náà ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí n pààrọ̀ okùn?

Ẹni tí ó ń lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó ju ọdún kan lọ, mo sì máa ń pààrọ̀ tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Láàárín ìgbà náà, ẹ gé mítà mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́ dànù lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò, torí ibẹ̀ ni ó ń ha taàrá.

Ibi tí a ń tọ́jú ríìlì sí náà wà níbẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ríìlì mi méjèèjì sílẹ̀ lójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì mú wọn lọ sí adágún kan ní Essex ní oṣù September láìyẹ̀ wọ́n wò. Ẹja kan fà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Mo ti ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú omi nígbà tí okùn já lókè omi, kò ha nǹkan kan, kò sì dún ju bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi ìṣáná. Nígbà tí mo gbé ìyókù rẹ̀ wò ní ojúmọ́, ó ti funfun bí ẹni tó pẹ́ nínú hámátáánì, ó sì ń ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà ni inú àpò dúdú ti di ilé ríìlì mi.

Ṣé ó dára kí n ra èyí tó gùn, kí n má baà ná owó púpọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ike mítà 1,000 kan yóò kún ríìlì mẹ́ta ní mítà 300 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti kéékèèké mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ká a sórí tépù bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ríìlì.

Níbo ni mo lè da okùn àtijọ́ sí?

Ẹ má ṣe dà á sí etí omi, bí ó ti wù kí ó kúrú tó. Àwọn ẹyẹ adágún ń kàgbákò lórí ọ̀rọ̀ apẹja: nítorí májèlé tó ń pa ẹyẹ swan ni wọ́n ṣe fòpin sí títa òjé ìpẹja kéékèèké tí kò ju áúǹsì kan lọ níbí ní ọdún 1987, okùn tó bá sì yí mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ lè gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ohun èlò ìpẹja ní àpótí tí wọ́n ń kó okùn nylon àtijọ́ sí fún àtúnlò. Bí èyí tó wà nítòsí yín kò bá ní, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, kí èyí tó gùn jù nínú rẹ̀ má ju ìka ọwọ́ lọ, kí ẹ tó jù ú sínú ike ìdọ̀tí ilé yín.